Wẹ́rẹ́ Kì Í Ké

1

…kò sì ké. Ohun tí ìyàwó ń tún sọ lórí fóònù nìyẹn, Wẹ́dà kò sì gbọ́ ìyókù dáadáa nítorí ẹ̀rọ ìjórin ṣì ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ọmọ kò ké. Ó ní òun kàn yíjú láti mú ṣíìtì mìíràn tí òun fẹ́ lọ̀, kò tó ìṣẹ́jú akàn, nígbà tí òun máa fi yíjú padà, ọmọ ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Kò gbé e kúrò. Ó ń wo ooru tó ń rú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀.

"Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá Wẹ́rẹ́, òórùn ni mo gbọ́."

Wẹ́dà bọ́ ìbòjú, ó ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó sáré. Kò rántí pa ẹ̀rọ. Ará ìsọ̀ kejì ló bá a pa á.


2

Ọmọ ọdún méje ni, obìnrin. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìbí, àmọ́ nílé, Wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe ń yọ́ jáde. Ẹ ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, ó ti lọ wẹ́rẹ́.

Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni dókítà ti sọ fún wọn pé ọ́tísìmù ni. Kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń fi oògùn lé lọ. Ọ̀nà tí ayé ń gbà wọlé sí i lára ló yàtọ̀ sí tàwa. Kí ẹnì kan ṣí bísíkíìtì nínú ọ̀rá, ó lè dà bí ààrá létí rẹ̀. Kí iná jó o, ó lè dà bí ẹni pé wọ́n kàn fọwọ́ kàn án.

Apá kejì yẹn ni kò tètè yé wọn.


3
(Ilé ìwòsàn. Yàrá tí wọ́n ti ń di egbò.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Ta ló jó o lọ́wọ́?

ÌYÁ: Áyọ́ọ̀nù ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ lé e.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó sì fi í síbẹ̀ títí ó fi bó báyìí?

ÌYÁ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ọmọ tí iná bá jó, ṣe ló máa ń fa ọwọ́ yọ.

BÀBÁ: Tiwa kì í fà á.

NỌ́Ọ̀SÌ: (ó ń kọ nǹkan sílẹ̀)

BÀBÁ: Kí lẹ̀ ń kọ?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ má bínú, ọ̀gá. Iṣẹ́ ni.

BÀBÁ: Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ké.

ỌMỌ: (ó ń kùn bí oyin, ó lọ sókè, ó wá sílẹ̀)

NỌ́Ọ̀SÌ: Orin wo ló ń kọ yìí?

ÌYÁ: Kì í ṣe orin. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ni. Bó ṣe ń dún nígbà tó bá ń fún omi kúrò lára aṣọ nìyẹn. Alágbàfọ̀ ni mí.

(Nọ́ọ̀sì gbé báírò sílẹ̀. Ó fetí sí i.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Òótọ́ ni o. Tèmi nílé náà ń dún bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ó rọra ń di egbò náà, kò sì béèrè ìbéèrè mìíràn.


4

Ohun tó ń yí lọ́kàn Wẹ́dà bí wọ́n ṣe ń darí bọ̀ wálé:

ìṣó tó gún un lẹ́sẹ̀, tó ń gbé kiri títí di ọjọ́ kejì, tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ lórí ilẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀

          ọṣẹ olómi tó mu, tó ń yọ ìfóòfó lẹ́nu, tó ń rẹ́rìn-ín

     eyín tó kán (níbo? lára kí ni? títí dòní, wọn kò mọ̀)

                    fèrèsé òkè

títì.

Ẹ jẹ́ ká fi ti títì ọlọ́kọ̀ sílẹ̀.


5

Wẹ́dà ni. Ohun tó mọ̀ ni irin.


6

Ó fi irin sí gbogbo fèrèsé. Ó gbé irin ìdábùú sí òkè ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ó gé géètì tuntun, ó jó o pọ̀, ó fi àgádágodo méjì sí i, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Yàrá tí ìyàwó ti ń lọ aṣọ gba ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tó parí, ó dúró sínú ọgbà, ó wò ó yí ká, inú rẹ̀ dùn.

Rárá, mo ṣi í sọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni. Èèyàn lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kí inú rẹ̀ má dùn.


7
(Ṣọ́ọ̀kì, lára géètì, ní ìta)

     À K Í Y È S Í

     ẸNI TÓ BÁ WỌLÉ, KÓ TÌ Í.
     ẸNI TÓ BÁ JÁDE, KÓ TÌ Í.
     ẸNI TÓ BÁ FẸ́ BÉÈRÈ PÉ
     ṢÉ ỌGBÀ Ẹ̀WỌ̀N LA KỌ́ NI,
     KÓ MÁA PADÀ LỌ SÍLÉ RẸ̀.


8
(Ọ̀rọ̀ ẹnu tí ìyá Wẹ́dà fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Màmá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é.)

Hẹ̀lóò. Ṣé ó ti ń gbà á? Ó ti ń gbà á. Ọmọ mi, mo ti délé. Mo dúró lẹ́nu géètì rẹ láàárọ̀, ìyàwó ń wá kọ́kọ́rọ́, èmi ń wá ibi tí màá gbójú sí. Irin náà dára o. Ọwọ́ rẹ mọ́. Àmọ́ mo wo ọmọ yẹn. Ó fi iwájú orí ti irin fèrèsé láti àárọ̀, ó ń wòta, ojú ibẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. O mọ̀ pé ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko. Ìwọ fúnra rẹ, ta ló tì ọ́ mọ́lé? O já bọ́ lórí igi, o ké, mo gbọ́, mo wá gbé ọ. Tiẹ̀ ni pé kì í ké. Ẹ wá bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ. Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa ṣe é o. Mo kàn mọ̀ pé irin kò lè kọ́ ọ. Ó yá, báwo ni wọ́n ṣe ń pa nǹkan yìí? Èyí pupa yìí ni àbí


9

(Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù.)

ÌYÀWÓ: Ṣé Wẹ́rẹ́ wà lọ́dọ̀ yín

WẸ́DÀ: Rárá. Kí ló dé

ÌYÀWÓ: Dírẹ́bà òtẹ́ẹ̀lì wá kó ṣíìtì. Mo ṣí géètì fún un

ÌYÀWÓ: Mo tì í padà

ÌYÀWÓ: Mo tì í padà Bàbá Wẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó

ÌYÀWÓ: Ẹ máa bọ̀


10





(Kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó wà níbí. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n kì í ròyìn.)


11

Wẹ́dà ń sáré kiri àdúgbò, ó ń pe orúkọ ọmọ tí kì í dáhùn sí orúkọ. Ó wo inú gọ́tà. Ó wo abẹ́ ọkọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ẹni náà ní òun kò rí i, Wẹ́dà sì bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bíi pé ìdáhùn lè yí padà.

Ìyàwó ló ronú kàn án. Ó dúró síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù ṣíìtì, ó ń wo ilẹ̀. Wẹ́rẹ́ fẹ́ràn kó máa sùn sáàárín ṣíìtì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, kí wọ́n wúwo lé e lára. Dírẹ́bà kò ka ẹrù. Ó kàn ń jù wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ ni.

Ó pe òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó gbé e kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín? Ẹ má sunkún, màmá. Ó ń mí."


12

     ÌRÒYÌN ÌṢẸ̀LẸ̀
     Ibi tó ti ṣẹlẹ̀: Adágún ìlúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì.
     Ohun tó ṣẹlẹ̀: Ọmọbìnrin kan wọ omi pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn.
     Apá ibo: Ibi tó jìn.
     Ṣé ó ké fún ìrànlọ́wọ́: Rárá.
     Ta ló rí i: Èmi, ẹni tó ń ṣọ́ omi. Mò ń to àga. Mo rí bàtà kékeré méjì létí omi, wọ́n tò wọ́n dáadáa.
     Ohun tí a ṣe: Mo bẹ́ sí i.
     Ipò ẹni náà: Ó wúkọ́, ó mí. Ó tún fẹ́ padà sínú omi, mo ní láti dì í mú.
     Ọ̀rọ̀ mìíràn: Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ibi tó yẹ kí n kọ èyí sí.


13

Nígbà tí Wẹ́dà dé ibẹ̀, wọ́n ti fi táwẹ́ẹ̀lì funfun wé ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ ló fọ táwẹ́ẹ̀lì náà, ó mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n ṣe ká etí rẹ̀. Ó gbé ọmọ. Ó tutù, ó sì ń kùn. Wẹ́dà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí omi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó kún fún ihò tí iná jó.

Obìnrin tó bẹ́ sómi jókòó tì í. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Àǹtí Omi ni àwọn ọmọ tó ń bá àlejò wá síbẹ̀ ń pè é.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa wá, kí n kọ́ ọ."

"Kí ẹ kọ́ ọ ní kí ni?"

"Omi."

"Omi tó fẹ́ gbé e lọ lónìí?"

"Òun náà ni." Ó fún etí aṣọ rẹ̀, omi dà. "Ó ti mọ̀ pé omi wà láyé. Ẹ lè ti géètì yín. Ẹ ò lè ti omi."

Wẹ́dà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí i bó ṣe yẹ kéèyàn kí ẹni tó gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ là, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ó gbé ọmọ lọ sílé.


14
(Yàrá ìdáná. Wẹ́dà ti mú téèpù ìwọ̀n jáde.)

ÌYÀWÓ: Èmi ni mo ṣí géètì.

WẸ́DÀ: Mi ò bi ọ́.

ÌYÀWÓ: Ẹ ò bi mí, àmọ́ ẹ ti ń wọn géètì.

WẸ́DÀ: Mo fẹ́ fi ọ̀kan sí àárín ni. Tí ọkọ̀ bá wọlé, kí ó dúró sáàárín géètì méjèèjì, ká yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde.

ÌYÀWÓ: Bàbá Wẹ́rẹ́.

WẸ́DÀ: Hùn.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin ni wẹ́dà. Èmi ti di wọ́dà.

(Wẹ́dà fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì yíjú sí ògiri.)

ÌYÀWÓ: Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ omi. Ẹ bá a lọ. Kí ẹ dúró tì í.

WẸ́DÀ: Tó bá kú sọ́wọ́ mi ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Ó ti fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú géètì títì.


15

Ó mú un lọ. Ó dúró létí omi pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù mú.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́?" ni Àǹtí Omi bi í.

"Rárá."

"Tó bá rì, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá bẹ́ sí i."

"Ẹni méjì ni màá gbé jáde nìyẹn. Ẹ bá mi jókòó, bàbá. Ẹ bọ́ bàtà yẹn."

Ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wọ omi. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé ọmọ sáré lọ sétí omi, Àǹtí Omi tẹ́ ọwọ́ níwájú rẹ̀, ó ní "Ọwọ́ ná," wọ́n sì padà sẹ́yìn. Wọ́n tún lọ. "Ọwọ́ ná." Wọ́n tún padà. Wẹ́rẹ́ dùbúlẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ na ilẹ̀. Àǹtí Omi dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run títí tọ́mọ fi dákẹ́.

Wẹ́dà rò ó nínú ara rẹ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa àmúkùrù tó bà lé ẹpọ̀n. Òwe bàbá rẹ̀ ni. Kò lè pa á níwájú obìnrin.


16
(Láti ọwọ́ Àǹtí Omi sí ìyàwó. Ọjọ́ wọn kò tẹ̀ léra.)

Lónìí ó di ọwọ́ mi mú kó tó wọlé. Òun ló wá ọwọ́ náà

Lónìí ó bù mí jẹ. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, kò jinlẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ lè bá mi sọ fún Bàbá Wẹ́rẹ́ kó má máa mú irin tó ní ìkọ́ dání wá, àlejò ń bẹ̀rù

Lónìí kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà wà

Lónìí ó léfòó. Àyà sókè, etí méjèèjì nínú omi. Ó pẹ́ díẹ̀. Kò kùn rárá. Màmá, ó jọ pé ìdákẹ́jẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló ń wá látọjọ́ yìí


17

Wẹ́dà ka èyí tó kẹ́yìn lórí fóònù ìyàwó rẹ̀. Ó dá a padà fún un. Ó tún gbà á.


18

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé géètì ti ṣí sílẹ̀. Ó ṣì ń tì. Irin tí Wẹ́dà ṣe yí áyọ́ọ̀nù ká, tí ọwọ́ kò lè gbà kọjá àyàfi tó bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ aṣọ wá, òun ni iṣẹ́ tó dára jù tó ti ṣe, ìyàwó sì ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà. Wẹ́rẹ́ ṣì gun kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan, kọ́bọ́ọ̀dù sì wó. Wọ́n rí ojú ara tó dúdú ní ìhà rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Kò ké.

Ohun tó yí padà ni pé Wẹ́dà gé irin fèrèsé yàrá ọmọ, ó tún un jó kó lè ṣí láti inú. Àgbàlagbà lè ṣí i bí iná bá sọ. Ọ̀rọ̀ iná yẹn ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.


19

Ìyàwó ló mú ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ̀gì wá, pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń há aṣọ sórí okùn. Ó ya àwọn pupa sọ́tọ̀.

     ÒFIN ILÉ YÌÍ
     Ẹni tí nǹkan bá ń dùn, kó mú pẹ́ẹ̀gì pupa,
     kó há a síbi tó ń dùn ún.
     KÌ Í ṢE WẸ́RẸ́ NÌKAN. GBOGBO WA.
     Màmá Àgbà náà.

Bó ṣe di pé ilé kún fún pẹ́ẹ̀gì nìyẹn. Òòlù bá Wẹ́dà ní àtàǹpàkò, ó há pẹ́ẹ̀gì sí etí apá aṣọ, ó sì gbàgbé, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìsọ̀. Ẹ̀yìn ń dun ìyàwó, pẹ́ẹ̀gì wà lẹ́yìn. Màmá Àgbà wá kí wọn, ó há ọ̀kan sí orúnkún ọ̀tún, ọ̀kan sí orúnkún òsì, ọ̀kan sí àyà.

"Àyà ń dùn yín, Màmá?" Wẹ́dà ti dìde.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀. O ò pè mí láti ìjẹta."

Wẹ́rẹ́ kò wo ìkankan nínú wọn. Ó kó pẹ́ẹ̀gì pupa jọ, ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ ní ìlà kan tó gún, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bí èèyàn bá mú ẹyọ kan, á dá a padà síbi tó wà.

Oṣù ń lọ.

"Kò yé e," ni Wẹ́dà wí.

"Ó lè yé e, kó má wulẹ̀ wù ú," ni ìyàwó wí. "Ẹ̀yin náà, mélòó nínú ọ̀rọ̀ mi ló yé yín tí ẹ ṣe?"


20

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Wẹ́dà jókòó sórí àga, ó ń mu tíì. Oòrùn wọlé láàárín irin fèrèsé, ó ya ìlà sílẹ̀. Ọmọ wá láti yàrá. Kò wo ojú rẹ̀. Kì í wò ó. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó ń mú ìdínà kúrò lọ́nà. Ó mú ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Wẹ́dà le bí pákó, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ojú iná àtijọ́.

Ọmọ gbé ọwọ́ náà sí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dúró.

Wẹ́dà rò pé eré ni. Ó fẹ́ fa ọwọ́ yọ. Ọmọ dá a padà, ó tẹ̀ ẹ́ sí i.

Kò kùn. Kò sọ nǹkan kan.


21

Ó ń sọ ọ́.


22

WẸ́DÀ: Ìyá Wẹ́rẹ́.

ÌYÀWÓ: (láti ẹ̀yìnkùlé) Mò ń há aṣọ.

WẸ́DÀ: Fi aṣọ sílẹ̀. Nǹkan ń dùn ún.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ rí?

WẸ́DÀ: Mi ò rí nǹkan kan. Òun ló ní ó ń dun òun.

ÌYÀWÓ: Ó ní?

WẸ́DÀ: Ó ní.

(Ìyàwó wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó kúnlẹ̀.)

ÌYÀWÓ: Ibo?

WẸ́DÀ: Ibi yìí. Rárá, ó ti sún ọwọ́ mi. Ibi yìí.

ÌYÀWÓ: Eyín ni àbí etí? Wẹ́rẹ́, lanu fún mi. Ẹnu mọ́. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí n wo inú etí.

WẸ́DÀ: Kí lo rí?

ÌYÀWÓ: Mi ò tíì rí nǹkan. Ẹ má gbé ọwọ́ yín kúrò o.

WẸ́DÀ: Mi ò gbé e kúrò. Òun ló dì í mú.

ÌYÀWÓ: Ẹ máa tẹ̀ lé e. Ibi tó bá gbé e lọ ni kí ẹ bá a lọ.

ỌMỌ: (ó tún sún ọwọ́ bàbá rẹ̀ díẹ̀, ó rọra gbé e sí ẹ̀yìn etí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, kò sì ké…)